Obì, Kọfí àti Oúnjẹ Àárọ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Ará Iléṣà

Nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé láti Iléṣà àti agbègbè rẹ̀ lóṣù yìí, gbólóhùn kan ló ń jáde léraléra: “A kì í mu kọfí nílé wa.” Ìlú tí wọ́n ń kì ní onílé obì ni gbólóhùn yìí ti wá o! Kafíìnì, èròjà tó ń lé oorun lójú ẹni tó mu kọfí, òun náà ló wà nínú obì. Ó ti wà lẹ́nu àwọn baba wa kí ẹnikẹ́ni tó gbé agolo kọfí dé Ọjà Àtàkúnmọ́sà. Ìdí nìyẹn tí a fi mú lẹ́tà bàbá àgbẹ̀ kan ṣáájú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹni ọdún 63 ni mí, kòkó ni mo ń gbìn. Ìfúnpá mi ga, nọ́ọ̀sì sì ní kí n yàgò fún kafíìnì. N kì í mu kọfí, n kì í mu tíì. Obì gbànja nìkan ni mo ń jẹ. Bí mo bá ń lọ oko ní kùtùkùtù, mo lè jẹ odidi méjì kí n tó tú oúnjẹ tí ìyàwó mi dì fún mi ní aago mọ́kànlá. Kí ni wọ́n wá ní kí n fi sílẹ̀? (Àgbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Obì yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì ń bá wí, bí kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò. Obì tútù tó wúwo tó gíráàmù 10, omi ló ju ìdajì rẹ̀ lọ. Nínú ìyókù tó jẹ́ gbígbẹ, kafíìnì máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 2 nínú 100. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó ń lọ sí bíi mìlígíráàmù 90, ìyẹn ni pé òun àti ife kọfí kan tó le dáadáa kò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ. Gbànja tó bá sì tóbi máa ń wúwo ju gíráàmù 10 lọ. Odidi méjì láàárọ̀, nígbà tí inú ṣófo, kò yàtọ̀ sí kí èèyàn mu ife kọfí méjì, mẹ́ta, kó tó fi oúnjẹ kan ẹnu. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, tí kò lóyún, mìlígíráàmù 400 ni àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù ní kó má kọjá lójúmọ́, kó má sì ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n fi èyí lélẹ̀ lọ́dún 2015. Ti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kéré sí i.

Kafíìnì máa ń gbé ìfúnpá sókè fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tó ti ń jẹ obì láti ọdún pípẹ́, ara rẹ̀ á ti mọ́ ọn, kì í sì gbé e tó bó ṣe ń gbé ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbára lé ìyẹn. Ohun kan sì wà tó ń da ìwọ̀n rú fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà: wọ́n á jẹ obì lójú ọ̀nà, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn, wọ́n á sì na apá sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ìfúnpá tí wọ́n bá rí níbẹ̀ kì í ṣe tiwọn gan-an. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ má jẹ obì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán ṣáájú. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ẹ má ká ẹsẹ̀ léra, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà. Bí apá bá rọ̀ sísàlẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ á sọ á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ má jáwọ́ nínú obì lójijì. Ẹni tó bá já a bẹ́ẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ láàárín wákàtí 12 sí 24. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì ló máa ń le jù, ó sì lè gba tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó lọ tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ibà ni, wọ́n á sì máa lo oògùn ibà kiri. Gbànja máa ń là sí awẹ́ méjì, nítorí náà awẹ́ mẹ́rin lẹ ń jẹ. Ẹ yọ awẹ́ kan kúrò, ẹ dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ tó yọ òmíràn, títí yóò fi ku awẹ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ. Bí dókítà bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá, ọjọ́ mẹ́rin mìíràn lẹ ó fi yọ ti ìkẹyìn náà.

Oúnjẹ aago mọ́kànlá yẹn, ẹ gbé e wá sí aago méje. Iṣu sísè bíi ègé mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, tàbí ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀kọ méjì, ìyẹn á gbé yín dé ọ̀sán pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Obì máa ń pa ebi, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fún ara ní ohun tó fi lè ṣiṣẹ́. Òun ni kò jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ebi ti ń pa yín láti aago méje. Oògùn ìfúnpá yín ńkọ́? Ẹ má fi ọjọ́ kan fo ó nítorí pé ẹ ti dín obì kù.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Yunifásítì Iléṣà ni mí. Bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ́nájì dírìnkì ni mo fi ń kàwé títí di aago mẹ́ta òru, agolo ńlá kan, nígbà mìíràn méjì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, àyà mi á máa lù kìkì, oúnjẹ kò sì ní wù mí jẹ títí di ọ̀sán. Ohun tí mo kà kì í sì í dúró lórí mi. (Akẹ́kọ̀ọ́, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Àbúrò wa, kú ìdánwò. Ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ, nítorí tó o bá mọ̀ ọ́n, wàá rí i pé agolo yẹn ń gbà lọ́wọ́ rẹ ju ohun tó ń fún ọ lọ.

Láti ìgbà tó o bá ti jí ni ọpọlọ ti ń kó èròjà kan jọ, adenosine ni wọ́n ń pè é. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni oorun ń kun ojú. Kó tó lè ṣiṣẹ́, ó ní àga tó gbọ́dọ̀ jókòó lé nínú ọpọlọ. Kafíìnì jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè gba àga náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀, ó kàn jókòó ni. Adenosine á wá máa pọ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí kafíìnì bá dìde, gbogbo wọn á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àárẹ̀ tó máa ń wó lu èèyàn lójijì nìyẹn. Oorun kò lọ síbì kankan látìgbà yẹn, wọ́n kàn tì í mọ́ta ni.

Wo ara agolo rẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní mìlígíráàmù 32 kafíìnì nínú mìlílítà 100. Agolo mìlílítà 500 kan jẹ́ 160 nìyẹn, méjì jẹ́ 320. Ó máa ń gba ara tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kó tó lé ìdajì kafíìnì jáde. Bó o bá mu agolo kan ní aago mọ́kànlá alẹ́, 80 ṣì wà lára rẹ ní aago mẹ́rin ìdájí, 40 sì wà níbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án tó o wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2013, àwọn tó lo mìlígíráàmù 400 ní wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó sùn ṣì pàdánù oorun tó ju wákàtí kan lọ. Inú oorun yẹn sì ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà sí àyè rẹ̀. Ìdí tí kì í fi í dúró lórí rẹ nìyẹn.

Ṣúgà rẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ gíráàmù 11 nínú mìlílítà 100, agolo ńlá kan ti ní gíráàmù 55, bíi ṣíbí tíì mẹ́tàlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí àgbàlagbà ń fi kún oúnjẹ má tó 50 lójúmọ́, kódà bó bá wà lábẹ́ 25, ó sàn jù.

Ohun tí a fẹ́ kó o ṣe rèé. Kafíìnì ìkẹyìn lójúmọ́ kó má kọjá aago méjì ọ̀sán. Sùn ní aago mẹ́wàá, jí ní aago mẹ́rin, kí o sì kàwé nígbà náà. Má fi ọtí pò ó láéláé, nítorí kafíìnì kì í lé ọtí jáde lára, ó kàn ń bo ìmutí mọ́lẹ̀ ni, tí èèyàn á fi mu ju agbára rẹ̀ lọ. Tí àyà bá ń lù kìkì nígbà tó ò mu nǹkan kan, tàbí tó ń dùn ọ́, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ bí ẹni tó fẹ́ dákú, má jókòó sínú yàrá, lọ sí Wesley Guild tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ ọ.

Oúnjẹ àárọ̀ tí kò wù ọ́ jẹ, iṣẹ́ agolo náà ni. Bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì àti ẹ̀pà sísun ẹ̀kúnwọ́ kan láàárín wákàtí kan tó o bá jí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ̀kọ tútù méjì pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, tàbí búrẹ́dì pẹ̀lú ẹyin sísè méjì, á rọ́nà wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ méjì ni mo ní, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 11, ọ̀kan ọmọ ọdún 8. Tíì àti búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ lọ sílé-ìwé, nítorí ó yá láti ṣe. Tíṣà ní èyí àbúrò máa ń sùn ní kíláàsì tí aago mẹ́wàá bá ti lù. Ìyá mi ní kí n padà sí ògì. Èwo ni kí n ṣe? (Aránṣọ, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Gbogbo ohun gbígbóná inú ife la ń pè ní tíì níbí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya wọ́n sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ tíì eléwé, ife kan ní bíi mìlígíráàmù 40 sí 50 kafíìnì. Ọmọdé kò yẹ kó kọjá mìlígíráàmù 3 lórí kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, ìyẹn 75 fún ọmọ kílò 25. Ife méjì ti kọjá ibẹ̀. Ewé tíì tún máa ń di èròjà irin inú oúnjẹ mú, tí kì í jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Bó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi kòkó ṣe, kafíìnì rẹ̀ kéré gan-an, ṣúgà ni kí ẹ máa wò. Ẹ ka ẹ̀yìn agolo: ohun tí wọ́n bá kọ sókè pátápátá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Oorun aago mẹ́wàá yẹn, búrẹ́dì funfun àti ṣúgà ló fà á, bí kì í bá ṣe àìsùn tàbí àìsàn. Kíá ni wọ́n ń dà nínú, kíá ni agbára wọn ń gbéra, kíá ló sì ń tán. Ìyá yín sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, eèrí tí a ń dà fún ewúrẹ́ ti kó púpọ̀ nínú purotéènì àti okun àgbàdo lọ. Ògì àti ṣúgà lásán kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju búrẹ́dì àti tíì lọ. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògì ló ń ṣiṣẹ́: àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, mílíìkì.

Ògì náà gan-an ṣeé mú lágbára. Ẹ fi ẹ̀wà sóyà kóńgò mẹ́ta sí àgbàdo kóńgò méje. Ẹ rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ se sóyà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ wá pa á pọ̀ mọ́ àgbàdo, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fo sísè yẹn, ògì rẹ̀ á máa rùn bí ẹ̀wà tútù, ó sì lè da inú ọmọ rú, nítorí sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí purotéènì dà. Ògì oní-sóyà máa ń tètè bàjẹ́, ẹ ṣe èyí tí ẹ ó lò tán láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omidùn orí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní ti mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà agolo mílíìkì méjì tó fún mọ́ínmọ́ín mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì ní purotéènì bíi gíráàmù 8 sí 9, tó ju ti ẹyin kan lọ. Ẹ bó ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí kan, ẹ fi tàtàṣé méjì, ata rodo kan àti àlùbọ́sà kan lọ̀ ọ́ kúnná. Omi gbogbo, àti ti lílọ̀ àti ti pípò, kó má ju agolo mílíìkì mẹ́ta lọ, kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, iyọ̀ díẹ̀ àti edé lílọ̀ sí i, ẹ rò ó títí yóò fi dán. Bí ẹ bá fi ṣíbí gbé e sókè, kó máa já bọ́ bí ògì tó ki, kó má ṣàn bí omi. Bó bá ki jù, á le bí òkúta. Bó bá ṣàn jù, kò ní dì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á da omi. Ẹ fi ewé eéran méjì lé ara wọn, kí ẹ̀yìn ọ̀kan bo ibi tí èkejì ti ya, ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ẹ to igi ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, omi kó má ga ju igi lọ, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Bí omi bá tán kó tó jinná, omi gbígbóná ni kí ẹ bù sí i, ẹ má jẹ́ kó kan orí ewé.

A mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè ṣe gbogbo èyí ní aago márùn-ún àárọ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ̀rọ ìránṣọ sì tún máa dúró de òun. Bí kò bá sí iná fún fíríìjì, mọ́ínmọ́ín tó bá sùn síta lè kan. Ẹ bó ẹ̀wà púpọ̀ ní Sátidé, ẹ sá a gbẹ kó máa dún ṣákáṣáká, ẹ lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ. Láàárọ̀, ẹ ó kàn fi omi po ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kó mumi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ din àkàrà kékeré fún wọn. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ búrẹ́dì ló wà, ẹyin kan kan tàbí ẹ̀wà sísè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì mu omi. Bí ọmọ bá ń jẹun báyìí fún ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣì ń sùn, ẹ wo aago tó ń sùn lálẹ́, kí ẹ sì mú un lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Oyún oṣù mẹ́ta ni mo ní. Itọ́ ń dà lẹ́nu mi, èébì ń gbé mi láàárọ̀, obì ló sì ń bá mi dá a dúró. Ìyá ọkọ mi ní obì kì í ṣe aláboyún ní nǹkan kan. (Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìpamọ́ra, ire ni yóò já sí. Ẹ bá wa kí Ìyá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Aláboyún kò yẹ kó kọjá mìlígíráàmù 200 kafíìnì lójúmọ́. Awẹ́ gbànja kékeré kan lójúmọ́ wà nínú ìwọ̀n yẹn, tí ẹ ò bá ti fi tíì tàbí kóòkì kún un. Gbogbo ìgbà tí itọ́ bá ń dà ni ẹ ò gbọdọ̀ máa rún un. Bí oyún ṣe ń dàgbà ni ara ń lọ́ra sí i láti lé kafíìnì jáde: ìdajì tó ń gba wákàtí márùn-ún tẹ́lẹ̀ lè gba tó 15 ní oṣù ìkẹyìn. Ọmọ inú sì ń gbà nínú rẹ̀, kò tíì ní ohun tó lè fi lé e jáde fúnra rẹ̀.

Fún èébì, ẹ fi búrẹ́dì gbígbẹ tàbí bisikíìtì tí kò dùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ tó dìde, ẹ dùbúlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú sí i. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta, nítorí inú tó ṣófo ló ń dá kún èébì. Ẹ fi omi ọsàn mu oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín, kí obì àti tíì sì jìnnà sí i tó wákàtí méjì. Bí omi pàápàá kò bá dúró nínú yín, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé orógbó náà ń lé oorun bí obì? Awakọ̀ ni mí, Iléṣà sí Ìbàdàn lójoojúmọ́. (Awakọ̀, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Orúkọ ló sún mọ́ra ní Gẹ̀ẹ́sì (kola nut àti bitter kola), orógbó kì í ṣe ìran obì, ẹ má sì fi í ṣe ohun ìléorun. Obì tàbí kọfí pàápàá, ó ń tó bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí agbára rẹ̀ tó dé ojú. Bí oorun bá ń kùn yín, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi tó láàbò, ẹ mu ife kọfí kan, ẹ sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójú ẹsẹ̀. Ẹ ó jí bí kafíìnì ṣe ń wọlé. Bí oorun bá tún dé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má wakọ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ọgbẹ́ inú. Kọfí ni mo fi ń jí, mo sì ń lo oògùn orí fífọ́ àti ciprofloxacin tí wọ́n kọ fún mi. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni n kò ti rí oorun sùn. (Òṣìṣẹ́ ìjọba, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ciprofloxacin kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ lé kafíìnì jáde bó ṣe yẹ, ife kan á wá máa ṣe bíi méjì lára yín. Oògùn orí fífọ́ mìíràn sì ní kafíìnì nínú: hóró Panadol Extra kọ̀ọ̀kan ní mìlígíráàmù 65. Ẹ fi kọfí sílẹ̀ títí ẹ ó fi lo ciprofloxacin náà tán, ẹ má sì dá a dúró láàárín nítorí oorun. Bí orí bá fọ́, kí ẹ lo parasítámọ́ọ̀lù tí kò ní kafíìnì. Ẹ jìnnà sí ásípírìn àti ibuprofen, àwọn wọ̀nyẹn gan-an máa ń dá ọgbẹ́ sí inú. Kọfí kì í dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú kí omi kíkan inú pọ̀, nígbà tí kò sí oúnjẹ tó máa gbà á sára. Bí ẹ bá tún padà sí i, kó jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ife kékeré kan. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí èébì yín rí bí ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.